Èdè-Ìperí fún Ìtẹ̀bọ̀ Ọta: Yíyan Atẹta fún Àtúndì Kátíríìjì Ráífù

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ayìnbọn ìdíje ni kì í ju karahun kátíríìjì tí wọ́n ti yìn nù. Wọn a fi ohun-ìtanná àti ẹ̀tù titun sí i, wọn a sì tẹ ọta titun bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹni tí yóò túmọ̀ ìwé ìlànà iṣẹ́ yìí sí Yorùbá ní láti fún nǹkan mẹ́ta ní àfiyèsí.

Èkíní: Yorùbá a máa pe odidi kátíríìjì àti ohun tí ń fò jáde lára rẹ̀ ní ‘ọta’. Níhìn-ín, ohun tí ń fò jáde nìkan ni ọta. ‘Kì’ kò sì bá iṣẹ́ náà mu, nítorí ìbọn ni ọdẹ ń kì. ‘Àtúndì’ ló yẹ kátíríìjì.

Èkejì: ‘fífi ọta jókòó’ jẹ́ títẹ̀lé Gẹ̀ẹ́sì lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀. Títẹ̀ ni a ń tẹ̀ ẹ́ bọ karahun, nítorí náà ‘ìtẹ̀bọ̀’ ni iṣẹ́ náà, ‘atẹta’ (a- + tẹ̀ + ọta) sì ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ó sàn ju ‘dáì’ lọ, nítorí irinṣẹ́ tí ń dá karahun padà sí ìwọ̀n rẹ̀ náà ń jẹ́ dáì.

Ẹ̀kẹta: ṣóńṣó ọta ni ‘imú’, ibi tí ara rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sí imú ni ‘ẹ̀rẹ̀kẹ́’. Orí èyí ni yíyan atẹta dúró lé. Imú ọta kì í dọ́gba, nítorí náà ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni ọ̀pá inú atẹta tó péye ń tì. Bí imú bá gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó kan ìsàlẹ̀ ihò ọ̀pá náà, ọ̀pá yẹn kò yẹ ọta yẹn. Àkọ̀ irin atẹta gbọ́dọ̀ mú karahun àti ọta tọ́ kí títẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí maikirómítà rẹ̀ sì lè ka ìdá 0.001 ínṣì.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹnu lásán. Kátíríìjì .308 Winchester, tí ó jáde ní 1952, ní ìwọ̀n gígùn tí kò gbọdọ̀ kọjá láti ìdí dé imú. Bí olùtumọ̀ bá kọ ‘imú’ níbi tí ìwé ti wí pé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọta yóò wọlé jù, àyè ẹ̀tù yóò dín, ìfúnpá yóò ga, ìbọn sì lè fọ́ mọ́ ayìnbọn lọ́wọ́.