Ìràwọ̀ Tí Ó Bú Tí Kò Kú

Ní sáà tí ó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ físíìsì bá mi nínú yàrá mi. Ó rí ìwé Yorùbá tí mo ń kà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Èdè yìí dùn láti fi ki ènìyàn. Ṣùgbọ́n fi ṣàlàyé bí ìràwọ̀ ṣe ń kú fún mi, kí n gbọ́." Yorùbá ni òun náà o, Ìjẹ̀bú ni. Mo ní kí ó jókòó. Mo bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì lọ jìnnà tí mo fi kọsẹ̀. Kì í ṣe pé èdè kọ̀ fún mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ni n kò mọ̀ dunjú. Ìtìjú yẹn ni ó lé mi wọ ilé ìkàwé. Ohun tí mo bá bọ̀ ni mo fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Mo sì ń wá ìrànlọ́wọ́ yín lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: kí ni kí á máa pe ìràwọ̀ tí ó bú gbàmù bí ẹni tí ó kú, tí kò sì kú?

Kí á tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí á mọ ohun tí ìràwọ̀ jẹ́. Oòrùn wa yìí, ìràwọ̀ ni. Ìtòsí tí ó wà ni ó mú kí ó tóbi lójú wa. Gáàsì ni gbogbo ara rẹ̀, háídírójìn ni ó sì pọ̀ jù níbẹ̀. Agbára méjì ni ó ń wọ̀yá ìjà nínú ìràwọ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Èkínní ni agbára ìfàmọ́ra, tí ó ń fa gbogbo ara rẹ̀ wọnú bí ìgbà tí ènìyàn ń fún ẹrù ní okùn. Èkejì ni ooru àti ìmọ́lẹ̀ tí ó ń ti àárín gbùngbùn rẹ̀ bọ̀, tí ó ń ti ara rẹ̀ síta. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀kan kò bá borí èkejì, àlàáfíà wà. Ibi tí háídírójìn ti ń para pọ̀ di híílíọ́mù ni ooru náà ti ń wá.

A lè rò pé ìràwọ̀ tí ó bá tóbi jù ni yóò pẹ́ láyé jù, nígbà tí ó jẹ́ pé òun ni ó ní oúnjẹ jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo àtùpà méjì. Ọ̀kan kéré, òwú rẹ̀ sì tín-ín-rín. Èkejì tóbi, ṣùgbọ́n òwú rẹ̀ nípọn bí apá. Ti èkejì yìí ni epo rẹ̀ yóò kọ́kọ́ gbẹ. Oòrùn wa yóò lo nǹkan bíi bílíọ̀nù 10 ọdún kí háídírójìn àárín rẹ̀ tó tán. Ó sì ti lo bíi bílíọ̀nù 4.6 nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ tí ó bá wúwo tó oòrùn 25, nǹkan bíi mílíọ̀nù 7 ọdún ni tirẹ̀. Bí háídírójìn bá tán, híílíọ́mù ni ó kàn, ìyẹn lè tó ìdajì mílíọ̀nù ọdún tàbí kí ó lé. Kábọ̀n tẹ̀ lé e, nǹkan bíi 600 ọdún. Níọ́ọ̀nù, bí ọdún kan. Ọ́síjìn, bí oṣù mẹ́fà. Sílíkọ́ọ̀nù, bí ọjọ́ kan péré! Irin ni sílíkọ́ọ̀nù ń dà, irin kò sì ṣeé fi dáná. Bí a bá pa irin pọ̀, ooru ni yóò tún máa gbà lọ́wọ́ ẹni. Ìgbà yẹn ni ìfàmọ́ra borí. Àárín ìràwọ̀ náà wó sínú kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, ara tí ó kù sì fọ́n ká ojú ọ̀run. Èyí ni ikú tòótọ́, òun ni wọ́n ń pè ní súpánófà. Irin tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń lù, inú àwọn ìràwọ̀ tí ó bú ni ó ti wá. Mo dá a dúró níbẹ̀, nítorí kì í ṣe ikú náà ni mo fẹ́ sọ. Ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ìràwọ̀ ńlá kí ikú tó dé ni.

Ìràwọ̀ kan wà ní apá gúúsù ojú ọ̀run tí wọ́n ń pè ní Eta Carinae. Edmond Halley kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1677 nígbà tí ó wà ní erékùṣù Saint Helena. Ìràwọ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ tàn ni nígbà náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1837, John Herschel wà ní Kéèpù, ní gúúsù Áfíríkà, níbi tí ó ti ń fi awò awọ̀nàjíjìn ka àwọn ìràwọ̀ ibẹ̀ láti ọdún 1834. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó gbójú sókè, ó rí i pé ìràwọ̀ tí òun ti mọ̀ dáadáa ti tàn ju bí ó ti yẹ lọ. Ó ń tàn sí i, ó tún rẹ̀ díẹ̀, ó tún tàn. Herschel ti padà sí Ìlú Ọba kí ó tó wá di ọdún 1843, nígbà tí Eta Carinae tàn dé ibi pé nínú gbogbo ìràwọ̀ òru, ọ̀kan ṣoṣo ni ó kù tí ó tàn jù ú lọ, ìyẹn Sirius, tí àwọn atukọ̀ wa ń pè ní ìràwọ̀ ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí á rántí pé nǹkan bíi 7,500 ọdún ni ìmọ́lẹ̀ fi ń rìn láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, ìmọ́lẹ̀ sì nìyẹn tí ń rin 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìràwọ̀ ọkọ̀ ní tirẹ̀ kò jìnnà ju ìrìn ọdún mẹ́jọ ó lé díẹ̀ lọ. Ẹni tí ó wà ní Kútúwẹ̀njì tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tàn tó ẹni tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé, ẹ mọ irú iná tí ó dá!

Níbí ni ọkàn mi ti fò. Mo mú pẹ́ńsùlù, mo ṣírò rẹ̀. Ní Ìbàdàn, Eta Carinae máa ń ga sókè ní apá gúúsù tó ìwọ̀n 23 nínú 90 tí ó wà láàárín ilẹ̀ àti àtàrí. Ìyẹn ni pé kò fara pamọ́ fún ilẹ̀ Yorùbá rárá. Ní ìrọ̀lẹ́ oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin ọdún 1843, ó ń tàn lókè Ìbàdàn, lókè Ọ̀yọ́, lókè Abẹ́òkúta tí Henry Townsend ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́kọ́ dé ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún yẹn kan náà. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fi Samuel Àjàyí Crowther joyè àlùfáà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ogun ni ó gba ìtàn ọdún wọ̀nyẹn kan nínú ìwé wa, ogun àti àwọn ìlú tí ó tú. Ṣùgbọ́n ìyá arúgbó kan ti jókòó síwájú ilé ní alẹ́, ó ń gbọ́n àgbàdo, ìràwọ̀ yìí sì wà níwájú rẹ̀. Àwa tí a ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ fún iṣẹ́ àṣekágbá wa, a kì í béèrè ọ̀rọ̀ ìràwọ̀. Ó yẹ kí á máa béèrè.

Kí ni ìràwọ̀ náà ṣe gan-an? Ó pọ ara rẹ̀ síta ni. Láàárín nǹkan bí ogún ọdún, ó da ara tí ó wúwo ju oòrùn 10 lọ sójú òfurufú. Àwọn mìíràn ṣírò rẹ̀ dé bí 40. Ara náà ń sáré lọ ní nǹkan bíi 650 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó ti ń tutù ni ó ń di ekuru, ekuru náà sì bo ìràwọ̀ lójú, tí ó fi jẹ́ pé lẹ́yìn ọdún 1856 ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣá, títí ojú lásán kò fi rí i mọ́. Ó tún bínú díẹ̀ ní àsìkò ọdún 1890, lẹ́yìn èyí ó dákẹ́. Lóde òní, bí a bá fi awò ńlá wò ó, a óò rí ohun tí ó dà jáde náà bí akèrègbè méjì tí a fi ẹnu kan ẹnu, ìràwọ̀ náà sì wà ní ibi tí ẹnu wọn ti pàdé. Enrique Gaviola, ọmọ ilẹ̀ Ajẹntínà, tí ó ya àwòrán rẹ̀, rò pé ó jọ ènìyàn kúkúrú kan, ó sì sọ ọ́ ní Homunculus ní ọdún 1950. Èmi ò rí ènìyàn kankan níbẹ̀. Akèrègbè ni mo rí.

Ní ọdún 1996, Augusto Damineli, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Bùràsíìlì, fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ Eta Carinae ń yí padà ní ọdún márùn-ún àbọ̀ márùn-ún àbọ̀. Ìràwọ̀ méjì ni wọ́n, tí wọ́n ń yí ara wọn po. Èyí ẹ̀gbọ́n wúwo tó nǹkan bí oòrùn 100.

Ohun tí ó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ọdún 2012. Ẹ mọ̀ pé bí ènìyàn bá kígbe ní ẹsẹ̀ òkè, ohùn rẹ̀ yóò kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà gbohùngbohùn yóò dá a padà. Bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ rí. Ìmọ́lẹ̀ ìbúgbàmù ti 1843 kò wá sọ́dọ̀ wa nìkan. Ó lọ sí gbogbo ọ̀nà. Èyí tí ó gba ọ̀nà mìíràn lọ kọlu àwọsánmà ekuru tí ó jìnnà sí ìràwọ̀ náà, ó ta padà, ó sì wá bá wa lẹ́yìn nǹkan bí 170 ọdún. Armin Rest àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n rí i. Báyìí ni àwọn onímọ̀ òde òní ṣe fi irinṣẹ́ òde òní wo ohun tí Herschel fi ojú lásán wò. Ní ọdún 2018, Nathan Smith àti àwọn mìíràn tún rí i nínú gbohùngbohùn náà pé díẹ̀ nínú ara ìràwọ̀ yẹn sáré ju 10,000 kìlómítà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Wọ́n wá dábàá pé mẹ́ta ni àwọn ìràwọ̀ náà tẹ́lẹ̀, pé ọ̀kan wọ inú èkejì, tí ìja àwọn méjèèjì sì dá ìbúgbàmù sílẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìràwọ̀ tí ń bínú ni a lè sọ pé ó gbé ẹlòmíràn mì. Ohun kan wà tí ó jẹ́ ti gbogbo wọn. Ìmọ́lẹ̀ pàápàá lágbára láti ti nǹkan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í mọ̀ ọ́n lára. Arthur Eddington ṣírò pé bí ìràwọ̀ bá tàn kọjá ìwọ̀n kan, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò borí ìfàmọ́ra rẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́n ara rẹ̀ dànù. Ìràwọ̀ ńlá tí ó ti gbó ń gbé lẹ́bàá ààlà yìí bí ìkòkò ògì tí ó kún dé ẹnu lórí iná. Igi kan tí a bá fi kún un tó láti mú un hó dà sílẹ̀. Àwọn mìíràn ní àárín ìràwọ̀ ni igi náà ti ń wá: bí níọ́ọ̀nù àti ọ́síjìn ti ń jó kíákíá ní ọdún ìkẹyìn, wọ́n ń rú ìgbì sókè, ìgbì náà sì ń gbé agbára lọ sí awọ ìràwọ̀. Èyí tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí ó sọ ìdí tí ìbínú fi máa ń sún mọ́ ikú tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí ó ń sún mọ́ ọn ní tòótọ́. Ní ọdún 2004, Koichi Itagaki, ará Japan, rí ìmọ́lẹ̀ kan tí ó tàn fún ọjọ́ díẹ̀ nínú agbo ìràwọ̀ kan tí ó jìnnà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní ojú ibẹ̀ gan-an, súpánófà bú. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ tí ń lo awò kan ní Hawaii rí ìràwọ̀ pupa ńlá kan tí ó ń tàn lọ́nà tí kò yẹ fún nǹkan bí 130 ọjọ́ kí ó tó kú. Èyí tí ó wá dá ìdààmú sílẹ̀ jù ni SN 2009ip. Ní ọdún 2009 ó bú, wọ́n sì ti fún un ní orúkọ tí wọ́n ń fún súpánófà, bí ìgbà tí a bá kọ orúkọ ẹnìkan sínú ìwé òkú. Kò pẹ́ tí wọ́n rí i pé ó ṣì wà láyé. Ó tún bínú ní 2010 àti 2011. Ní 2012 ó bú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì, àwọn kan ní ó kú, àwọn kan ní ó tún ń tàn wá ni. Ìgbà tí wọ́n tún wò ó, tí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí ní 2022, ìmọ́lẹ̀ ojú ibẹ̀ ti rẹ̀ ju bí ó ti wà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ wàhálà rẹ̀ lọ. Ó dà bí ẹni pé ó kú lóòótọ́ ní 2012.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ni orúkọ irú ìràwọ̀ yìí? Àbíkú ni ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Olùkọ́ mi kan ló dá mi lẹ́kun: àbíkú kú, a sin ín, ara mìíràn ni ó gbé wá, ìràwọ̀ yìí kò pààrọ̀ ara. Akúdàáyà náà kò lè ṣe é, nítorí ìlú mìíràn ni akúdàáyà ń lọ gbé. Mo wá fọkàn sí adíbọ́nkú. Mo kọ gbogbo àlàyé yìí fún ọ̀rẹ́ mi ọmọ Ìjẹ̀bú, ó kà á tán, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní ẹni tí ó díbọ́n kú, bí ó bá dìde, kò pàdánù ohunkóhun. Èyí tí ó pàdánù ìwọ̀n oòrùn mẹ́wàá kò díbọ́n. Ó ní kí á pè é ní ìràwọ̀ adákúdájí. Mo ní ẹni tí ó dákú kì í pariwo, ìràwọ̀ yìí sì pariwo dé Kéèpù. A jiyàn títí iná fi lọ ní gbogbo ọgbà. Oṣù Kẹrin ni, òjò ọ̀sán ti fọ ojú ọ̀run mọ́, aago mẹ́wàá alẹ́ sì ti ń lù. A jáde, a kọjú sí gúúsù. A wá ìràwọ̀ mẹ́rin tí ó ṣe bí àgbélébùú, a wọn ìkúùkù kan àbọ̀ sí apá ọ̀tún rẹ̀, a sì rí i: ó kéré, ó ń ṣẹ́jú lókè òrùlé. Ó ní, "Adákúdájí." Mo ní, "Adíbọ́nkú."