Ìjíhìn ní Ilé Ìlera Wọ́ọ̀dù

Láti inú 'jẹ́' àti 'ìhìn' ni a ti rí 'jíhìn': ẹni tí a rán níṣẹ́ ní láti padà wá jẹ́ ìhìn fún ẹni tí ó rán an. Ta wá ni ó rán òṣìṣẹ́ ilé ìlera wọ́ọ̀dù ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́? Ìjọba nìkan kọ́. Òfin Ìlera ọdún 2014 ya ìdá 1 nínú 100, ó kéré tán, nínú owó àpapọ̀ ìjọba sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀. Owó ará ìlú sì ni. Aláboyún tí a sọ fún pé oògùn ti tán gbọ́dọ̀ lè béèrè ìgbà tí ó dé àti iye tí ó dé. Ní tèmi, kí a lẹ àkọsílẹ̀ owó àti oògùn mọ́ ògiri ní èdè Yorùbá, kí a sì kà á sókè nípàdé ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù. (Alájọ kì í kúkú fi èdè àjèjì ṣírò owó fún olówó.) Owó tí ó wọlé, ìnáwó, ìṣẹ́kù: ó ti pẹ́ tí èdè wa ti ní wọn.