Kékeré Ni A Ti Ń Pẹ̀ka Ìrókò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà lọ́wọ́ ẹni. Ìrókò tí a kò pẹ̀ka rẹ̀ lásìkò ti ń gbẹbọ lọ́wọ́ wa báyìí. Ní Ìkòròdú, ní Ṣágámù àti ní àwọn àdúgbò kan ní Mushin, bí ìjà ẹgbẹ́ òkùnkùn bá ti bẹ́ sílẹ̀, oníṣòwò a pa ìsọ̀ dé ní ọ̀sán gangan, ìyá a sáré lọ mú ọmọ ní ilé-ìwé, òkú ọ̀dọ́ a sì sùn sí títì. Ẹlòmíràn nínú àwọn tí ń di àdá mú nínú ìjà wọ̀nyí kò tíì hu irùngbọ̀n. Ìgbà náà ni a óò wá pe ọlọ́pàá, tí a óò dáwó fún àwọn ọlọ́dẹ àdúgbò, tí a óò máa bi ara wa pé irú ọmọ wo nìyí. Ìbéèrè náà ti pẹ́ jù. Ìgbà tí ọmọ náà ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ó yẹ kí a ti béèrè rẹ̀.

Kò sí ọmọ tí ó gbé àdá wá láti ọ̀run. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀nà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń gbà dé ibẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Bàbá rẹ̀ ti kó jáde nílé. Ìyá rẹ̀ ń ta ìrẹsì ní gáréèjì, aago márùn-ún ìdájí ni ó sì ti ń jáde. Ọmọ yìí ni yóò wẹ̀ fún àwọn àbúrò rẹ̀, òun ni yóò wọṣọ fún wọn, kí ó tó dé ilé-ìwé ní aago mẹ́sàn-án pẹ̀lú ikùn òfìfo. Tíṣà a nà án nítorí pé ó pẹ́. Bí ó bá tún di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n a lé e wálé nítorí owó ìwé. Ní ọjọ́ tí ẹgba náà sú u, ó yà sí ibi tí wọ́n ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù. Ẹ̀gbọ́n kan wà níbẹ̀ tí ó bi í pé, “Ṣé o ti jẹun?” Ó ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà àgànyìn fún un. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń rán an níṣẹ́: lọ bá mi ra sìgá wá, lọ bá mi gba owó lọ́wọ́ lágbájá. Nígbà tí ó ṣe, iṣẹ́ náà di ohun kan tí wọ́n fi láílọ́ọ̀nù dúdú wé, tí kò gbọdọ̀ tú wò. Ìyá kò mọ̀. Ilé-ìwé kò wá a. Ní ọdún tí wọ́n bá ní kí ó wá mu ẹ̀jẹ̀, ẹ̀gbọ́n yẹn ti di bàbá fún un.

Kì í ṣe èpè ni ó gba ọmọ náà lọ́wọ́ wa. Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan ni, àti ẹnì kan tí ó mọ orúkọ rẹ̀, àti wákàtí gígùn tí kò sí àgbàlagbà kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ni ó wà ní ìkáwọ́ wa.

Ẹ̀rí sì wà pé ìrànlọ́wọ́ tí ó bá tètè dé ń yí irú ìgbésí ayé bẹ́ẹ̀ padà. Ní 1962, ní ìlú Ypsilanti ní ìpínlẹ̀ Michigan l’Amẹ́ríkà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní Perry Preschool. Ọmọ aláwọ̀ dúdú 123 láti ilé àwọn tálákà ni ó kàn, àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì. Apá kan ń lọ sí kíláàsì, olùkọ́ sì ń lọ sí ilé wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ láti jókòó ti ìyá àti ọmọ. Apá kejì kò rí irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n tọpa wọn títí wọ́n fi di ẹni ogójì ọdún. Nínú àwọn tí a kò ràn lọ́wọ́, 55 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọlọ́pàá ti mú lẹ́ẹ̀marùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú àwọn tí a ràn lọ́wọ́, 36 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Iṣẹ́ náà kò sọ gbogbo wọn di ẹni mímọ́, ṣùgbọ́n ó yọ ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n. Ẹ sì kíyè sí i pé wọn kò fi mọ sórí ọmọ nìkan; wọ́n wọlé tọ ìyá rẹ̀ lọ.

Àwa náà ti ṣe ohun tí ó jọ ọ́ rí. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọ tí ó lé ní 800,000 ni ó sì jókòó sí kíláàsì lọ́dún náà. Ní 2012, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé ètò O-Meals kalẹ̀, tí ó ń fún àwọn ọmọ kíláàsì ìsàlẹ̀ ní oúnjẹ ní ilé-ìwé. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti 2004 sọ pé ọ̀fẹ́ ni ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, dandan sì ni. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ní a kò gbọdọ̀ ju ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ẹ̀wọ̀n. Òfin wà nílẹ̀. Ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn ìyá onírẹsì yẹn ni a kò tíì rí.

Ọ̀dọ̀ òbí ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí bàbá tí kò gbé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ mọ̀ pé owó oúnjẹ nìkan kọ́ ni ọmọ ń retí lọ́wọ́ òun. Kí ó máa wá a wò, kí ó mọ tíṣà rẹ̀, kí ó mọ àwọn tí ó ń bá rìn. Bí ọmọ bá gbé ohun tí a kò rà fún un wọlé, ìbáà ṣe bírò, kí a fi pẹ̀lẹ́tù bi í ní ibi tí ó ti rí i, kí a sì bá a lọ dá a padà. Ìyá tí ó gba fóònù olówó iyebíye lọ́wọ́ ọmọ tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, tí ó tún ṣàdúrà lé e lórí, ti fọwọ́ sí ohun tí ọmọ náà ń ṣe. Ní ti ìbáwí, bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, ọwọ́ òsì ni a fi ń fà á mọ́ra. Ọmọ tí ìyà ilé bá pọ̀ jù fún, ìta ni yóò sá lọ, ìta kò sì lé ẹnikẹ́ni padà rí.

Ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. A ṣì ń pa òwe yìí níbi ìsọmọlórúkọ, ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá ti ń rìn, oníkálukú a kọjú sí tirẹ̀. Láàárín aago méjì tí ilé-ìwé ń parí àti aago méje tí ìyá ń dé láti ọjà, ta ni ó wà pẹ̀lú ọmọ náà? Ṣọ́ọ̀ṣì wà ní àdúgbò, mọ́ṣáláṣí wà, tíṣà tí ó ti fẹ̀yìn tì kò sì wọ́n. Kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ní ọ̀sán, kí ọmọ rí ibi jókòó ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé, kí ó rí ẹ̀kọ gbígbóná mu. Kí ìyálọ́jà àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọjà ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó ẹgbẹ́ fún ìwé àwọn ọmọ opó àti ti àwọn ìyá tí ń dá tọ́mọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ti ọmọ ọlọ́mọ ni. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, kò sì di dandan kí ó jẹ́ ilé bàbá tirẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá ọdún 2000, wọ́n gún Damilọ́lá Taylor ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí ó ń bọ̀ láti ilé ìkàwé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, ìlú Èkó ni wọ́n sì bí i sí. Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ní 2006 kò ju ọmọ ọdún méjìlá àti mẹ́tàlá lọ lọ́jọ́ tí ó ṣẹlẹ̀. Richard Taylor, bàbá Damilọ́lá, kò dúró sórí ẹkún. Ó dá àjọ kan sílẹ̀ ní orúkọ ọmọ rẹ̀ láti ran àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́, ó sì fi ìyókù ayé rẹ̀ jà kí ọ̀bẹ lè kúrò lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin olùkọ́, rẹ́gísítà tí ẹ ń pè láràárọ̀ ni àmì ìkìlọ̀ àkọ́kọ́. Bí ọmọ kò bá wá fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹnì kan lọ sílé rẹ̀. Ẹ má ṣe tètè lé ọmọ tí ó ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ẹ bá lé, àwọn kan ń dúró dè é lẹ́yìn gééètì. Ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, mẹkáníìkì, télọ̀, káfíńtà, bí ẹ bá lè gba ọmọ kan láìgba owó, tí ẹ sì jẹ́ kí ó gba fírídọ́ọ̀mù lásìkò, ẹ ti gba ẹ̀mí là. Ẹ̀yin alága káńsù, ẹ gba òṣìṣẹ́ tí yóò máa lọ láti ilé dé ilé, tí yóò mọ ìdílé tí nǹkan ti ń wọ́ kí ó tó dàrú. Ilé ìtúnnirọ̀ ìjọba wà ní Abẹ́òkúta, ní Ìlọrin àti ní Kàdúná fún àwọn ọ̀dọ́ tí ọ̀ràn ti bá. Ohun tí ó yẹ kí a máa lé ni kí iye àwọn tí yóò débẹ̀ dín kù.

Àwọn tí ó ti yà kúrò lọ́nà ńkọ́? Ọmọ ẹni kò ní burú títí kí a lé e fún ẹkùn pa jẹ. Kí a máa wá wọn, kí a fi iṣẹ́ lọ̀ wọ́n, kí ilẹ̀kùn ilé má tì mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó rọrùn jù ni ti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí kò tíì lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó súnmọ́ yín lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ béèrè orúkọ àwọn ọmọ tí kò wá sí kíláàsì mọ́. Kí olúkúlùkù mú orúkọ kan, kí ó wá ilé rẹ̀ lọ, kí ó bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ó sì béèrè ohun tí ó kù kí ọmọ náà tó lè padà.