Kíka Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù Ní Ọ̀kọ̀ọ̀kan

Àṣìṣe kan ni ó mú wa kọ ìwé yìí. Nígbà tí a lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Kankon, ní agbègbè Badagry, a ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ iná mànàmáná. A tú tọ́ọ̀ṣì kan palẹ̀ níwájú wọn, a fi bátìrì àti gílóòbù rẹ̀ hàn wọ́n, a sì wí pé ohun tín-ń-tín tí a ń pè ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ni ó ń ṣàn gba inú wáyà kọjá. Ọmọbìnrin kan dìde, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, tíṣà, ṣé a lè mú ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn dúró?” Àwa sì dáhùn kíákíá pé kò ṣeé ṣe, pé wọ́n ti kéré jù, wọ́n sì ti pọ̀ jù. Ọmọ náà jókòó, ó kọ èsì wa sínú ìwé rẹ̀. Èsì náà kì í ṣe òtítọ́, ó sì wà nínú ìwé náà di òní.

Kì í ṣe pé a kò ní ohun tí ó ṣì wá lọ́nà. Gílóòbù tọ́ọ̀ṣì kékeré tí ń lo ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ámpíà ń jẹ́ kí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí iye wọn tó nǹkan bí 2 tí òdo 18 tẹ̀ lé gba inú rẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ta ni yóò ka èyí? Ṣùgbọ́n a gbàgbé Robert Millikan, ará Amẹ́ríkà, ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1909 láti máa ṣọ́ ìkán epo kéékèèké ní afẹ́fẹ́ láàárín irin pẹlẹbẹ méjì. Iye iná tí ó wà lára ìkán kọ̀ọ̀kan kò jẹ́ ààbọ̀ rí; ẹyọ kan ni, tàbí méjì, tàbí mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti ń ná owó ẹyọ: kò sí ẹni tí ń fi ààbọ̀ ẹyọ ra nǹkan.

Mímọ̀ pé ẹyọ wà, ọ̀tọ̀. Mímú ẹyọ kan dúró, ọ̀tọ̀. Èkejì yìí ni àwọn kan tí ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé ń fi ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣe lónìí, nínú ohun tí a ń pè ní semiconductor. Irú ohun bẹ́ẹ̀, bí sílíkọ́nì, kò jẹ́ kí iná kọjá fàlàlà bí bàbà, kò sì sé e mọ́ pátápátá bí gíláàsì. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò lè ṣí i, ó sì lè tì í. Nínú rẹ̀ ni wọn yóò ti ya ibì kan sọ́tọ̀ bí erékùṣù, tí fífẹ̀ rẹ̀ lè má ju 100 nánòmítà lọ. Irun orí ènìyàn fi ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ìgbà nípọn jù ú lọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ láti orí ọ̀sà. Ọkọ̀ kékeré kan wà láàárín èbúté méjì. Èrò kan wọ̀ ọ́, etí ọkọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. Ẹnìkejì dúró ní èbúté, kò lè wọ̀ ọ́ títí ẹni àkọ́kọ́ yóò fi sọ̀ ní òdìkejì. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní erékùṣù náà: ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù a máa ti ara wọn sẹ́yìn, àyè sì há tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyọ kan ṣoṣo tí ó wà nínú rẹ̀ fi tó láti lé èkejì. Bí a bá fẹ́ kí èkejì wọlé, a ó fi agbára iná díẹ̀ sí irin kan tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́, èyí tí ó dàbí ọwọ́ tí ó ti ọkọ̀ sókè díẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Nígbà náà ni àyè yóò gba ẹnì kan sí i, kò sì ní gba ẹnìkẹta. Bí a ti ń fi kún agbára ẹ̀gbẹ́ yìí, iná tí ń la erékùṣù kọjá a máa ga, a máa lọ sílẹ̀, a tún máa ga. Gíga kọ̀ọ̀kan jẹ́ àmì pé ẹyọ kan ti kún un. Ẹni tí ó bá ka gíga wọ̀nyí, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ni ó kà.

Níbì kan ni àpẹẹrẹ wa kùnà. Kò sí ẹnu ọ̀nà ní erékùṣù náà. Ògiri ni ó yí i ká, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sì ń la ògiri náà kọjá láìgùn ún, láìlu ú. Èrò ọkọ̀ kankan kò lè dán èyí wò.

Ooru ni ọ̀tá iṣẹ́ yìí. Bí ìgbì bá ń ru, a máa da ènìyàn àti ẹrù sínú ọkọ̀ bí ó ti wù ú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ooru ń ṣe. Nítorí náà nígbà tí Theodore Fulton àti Gerald Dolan ṣe irú ẹ̀rọ yìí nínú alumíníọ́mù ní Bell Laboratories ní Amẹ́ríkà ní 1987, wọ́n mú un tutù títí ó fi kù nǹkan bí ìwọ̀n 1 kí ó dé ibi tí òtútù pin sí. Ní 1989 a rí irú ìlọsókè àti ìsọ̀kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú sílíkọ́nì ní MIT. Èyí tí ó yà wá lẹ́nu jù lọ ni ti Seigo Tarucha àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1996: wọ́n bẹ̀rẹ̀ kíkà láti òdo, wọ́n sì rí i pé lẹ́yìn ẹyọ kejì, ẹkẹfà, àti ekejìlá, ẹyọ tí ó tẹ̀ lé e ń béèrè agbára tí ó pọ̀ ju ti ìṣáájú lọ, bí ẹni pé ìjókòó kún, tí a sì ní láti ṣí ìlà tuntun. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń jókòó ní ìlà-ìlà nínú átọ́mù.

Nínú iṣẹ́ tí ó fara pẹ́ èyí, ẹni tí ó sún mọ́ wa jù ni Déjì Akínwándé, tí ó dàgbà ní Ikeja, tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Stanford ní 2009, tí ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní University of Texas ní Austin. Átọ́mù ni tirẹ̀, kì í ṣe ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù: ní 2020, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn bí ẹyọ átọ́mù irin kan ti lè bọ́ sínú ihò kan lára awọ semiconductor tí nínípọn rẹ̀ jẹ́ átọ́mù mẹ́ta péré, kí ó sì máa pa ìrántí mọ́ fún ẹ̀rọ. Ó dùn wá pé a ti mọ orúkọ Millikan tipẹ́ kí a tó mọ tirẹ̀.

Ní sáà tí ó ń bọ̀ a ó padà sí Kankon. Àgbọn kò wọ́n níbẹ̀. A ó gbé ààbọ̀ èèpo àgbọn kan lé omi nínú abọ́, a ó fi òkúta wẹ́wẹ́ sí i títí etí rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi, a ó sì fi ẹyọ èkùrọ́ kan lé e. Ọmọbìnrin náà ni a ó fún ní èkùrọ́ kejì. Ṣùgbọ́n kí a tó bẹ̀rẹ̀, a ó bẹ̀ ẹ́ kí ó ṣí ìwé rẹ̀ sí ojú ewé ọjọ́ náà, kí ó fa ìlà sí èsì tí a fún un.