Ohun tí Fèrèsé Ṣónṣó ń Kọ́ Wa

Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni a ń jókòó nínú ilé Ọlọ́run, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ti béèrè ìdí rẹ̀ tí orí fèrèsé ibẹ̀ fi ṣe ṣónṣó, nígbà tí ti ilé baba wa tẹ́jú? Ìbéèrè yìí ni ó mú wa rìn láti Ṣàgámù dé Ìkẹ́nnẹ́ ní ọjọ́ Sátidé kan, tí a ń wo àwọn ilé-ìsìn àtijọ́ ní ọ̀nà.

Òkè òkun ni àwòrán fèrèsé náà ti wá. Ní ọdún 1174, iná jó apá kan Kàtídírà Canterbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A pe ọ̀gá mọlémọlé kan láti ilẹ̀ Faransé, William ará Sens, láti tún un kọ́. Òun ni ó fi orí ṣónṣó sí i. Ní 1178 ó já bọ́ láti orí igi tí wọ́n ń gùn ṣiṣẹ́, William mìíràn, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Nínú Kàtídírà yìí kan náà ni a ti fi Samuel Àjàyí Crowther jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ 29 oṣù Òkúdù, 1864.

Ọgbọ́n wo ni ó wà nínú rẹ̀? Bí orí fèrèsé bá tẹ̀ roboto, ẹrù tí ó wà lókè a máa ti ògiri sí ẹ̀gbẹ́ gidigidi. Bí ó bá ṣe ṣónṣó, ẹrù náà a sọ̀kalẹ̀ ní tààrà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà ògiri lè ga, fèrèsé sì lè gbòòrò. Ibi tí ẹrù ṣì ń tì, a ó mọ ògiri ìtì sí i láti ìta, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi igi ti ọgbà tí ó fẹ́ wó. Ìmọ́lẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń wá, nítorí oòrùn wọn kò mú.

Lẹ́yìn ogun Ìmàgbọ́n ti ọdún 1892 ni ọ̀nà là fún àwọn míṣọ́nárì ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Ní ilé-ìsìn kan tí a wọ̀, amọ̀ pupa ni a fi mọ ògiri, ó sì nípọn, kò jẹ́ kí ooru wọlé; atẹ́gùn ni fèrèsé ṣónṣó ibẹ̀ ń gbà ju ìmọ́lẹ̀ lọ. Àwòrán àlejò ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ onílé ni ó ṣe é. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Kàtídírà ńlá ti Màrínà ní Èkó: Ọmọ-Aládé Wales ni ó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1925, ṣùgbọ́n Bagan Benjamin ni ó ya àwòrán rẹ̀, a sì parí rẹ̀ ní 1946.

Ìyá arúgbó kan sọ fún wa pé ìyá òun wà lára àwọn tí ó pọn omi tí a fi po amọ̀ ilé-ìsìn náà. Àwọn àgbà ìjọ sì sọ pé a ó wó o láìpẹ́, nítorí kò gba èrò mọ́. A kò lè dá wọn lẹ́bi. Ilé tí òjò ń wọ̀ kì í ṣe ilé ìsìn. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, kí a tó wó ilé àtijọ́ kan, ẹ kó àwọn ọmọ kíláàsì yín lọ síbẹ̀ pẹ̀lú okùn ìwọ̀n. Kí wọ́n wọn ògiri rẹ̀, kí wọ́n ya fèrèsé rẹ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ àwọn tí ó pọn omi sílẹ̀, nígbà tí ẹni tí ó mọ̀ wọ́n ṣì wà láàyè.