Ríra Ilé Àkọ́kọ́ Tí Ó Ní Adágún Ìlúwẹ̀ẹ́ ní Florida

Ní ìpínlẹ̀ Florida, ní gúúsù ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ooru máa ń mú fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, èyí sì ni ó mú kí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ wọ́pọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé àwọn ilé tí kì í ṣe ti bọ̀rọ̀kìnní rárá. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ni kòtò ńlá tí wọ́n gbẹ́, tí wọ́n fi kọnkéré tàbí ike tẹ́ inú rẹ̀, tí wọ́n sì rọ omi kún kí àwọn ará ilé lè máa wẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ń ra ilé fún ìgbà àkọ́kọ́ lè bá irú rẹ̀ pàdé nínú ilé tí apá rẹ̀ ká, nítorí pé àjọ FHA, ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣe onídùúró fún àwọn tí ń yá owó ilé, gba ẹni tí máàkì ìsangbèsè rẹ̀ kò kéré sí 580 láàyè láti san ìdá 3.5 péré nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé, nígbà tí báǹkì bá ń wò ó bóyá agbára ẹni náà gbé ilé, yóò ṣírò gbèsè oṣooṣù, owó orí ilé àti owó adójútòfò, ṣùgbọ́n kò ní ṣírò ohun tí omi yóò máa jẹ.

Ohun tí omi ń jẹ kò sì kéré. Adágún tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 30, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 15, tí jíjìn rẹ̀ sì jẹ́ 5 bí a bá wo ibi tí ó jìn mọ́ ibi tí kò jìn, yóò gba nǹkan bí gálọ́ọ̀nù 16,900. Wọ́n á fi gígùn, ìbú àti jíjìn sọ ara wọn di púpọ̀, wọ́n á sì fi 7.5 sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀. Ó yẹ kí olùrà mọ iye yìí, nítorí pé òun ni wọ́n fi ń wọn gbogbo oògùn tí wọ́n ń dà sínú omi. Pọ́ǹpù, ìyẹn ẹ̀rọ oníná tí ń fa omi, ni ó ń tì í gba inú asẹ́ kọjá kí ìdọ̀tí tó wà nínú rẹ̀ lè dúró síbẹ̀. Bí pọ́ǹpù bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n lè dín eré rẹ̀ kù, tí wọ́n sì dín in kù sí ìdajì, agbára iná tí ó ń fà yóò wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò gba ìlọ́po méjì àkókò láti sẹ́ iye omi kan náà. Nítorí náà, ó tọ́ kí olùrà béèrè irú pọ́ǹpù tí ó wà nílẹ̀ àti ọdún tí wọ́n rà á.

Kílóríìnì ni oògùn tí ń pa kòkòrò àrùn inú omi. Oòrùn a máa jẹ ẹ́ tán kíákíá, ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń da ásíìdì kan tí wọ́n ń pè ní cyanuric sí omi láti dáàbò bò ó lọ́wọ́ oòrùn. Àjọ CDC, tí ń mójú tó ìlera ará ìlú ní Amẹ́ríkà, sọ pé kílóríìnì kò gbọdọ̀ dín sí ìwọ̀n kan nínú mílíọ̀nù kan omi, àti pé kí ó má dín sí méjì bí ásíìdì cyanuric bá wà níbẹ̀. Ó sì ní kí pH, ìyẹn òṣùwọ̀n tí ń fi hàn bóyá omi kan tàbí kò kan, wà láàárín 7.0 sí 7.8. Ewu ńlá wà nínú dída kílóríìnì àti ásíìdì pọ̀ mọ́ra nínú korobá kan, nítorí pé èéfín olóró ni yóò jáde.

Olùyẹ̀wò ilé, ìyẹn ẹni tí olùrà ń san owó fún kí ó wo àléébù ilé, kì í sábà wo adágún àfi tí wọ́n bá san owó rẹ̀ lọ́tọ̀, owó yìí kò sì yẹ ní ohun tí ẹnikẹ́ni ń ṣahun sí. Olùrà fúnra rẹ̀ lè fi korobá dán adágún wò bí ó bá ń jò: yóò bu omi adágún sínú korobá, yóò gbé e sórí àtẹ̀gùn inú adágún, yóò fàmì sí ibi tí omi dé nínú korobá àti lára rẹ̀ lóde, yóò sì padà wá wò ó lọ́jọ́ kejì. Bí omi òde bá lọ sílẹ̀ ju ti inú korobá lọ, kì í ṣe oòrùn nìkan ni ó ń fa omi náà gbẹ. Adágún tí ẹni tí ń ta ilé ti gbọ́n omi rẹ̀ gbẹ kí ó lè dà bí èyí tí ó mọ́ yẹ kí ó kó ìfura báni, nítorí pé omi abẹ́ ilẹ̀ kò jìnnà ní ọ̀pọ̀ ibi ní Florida, ó sì lè ti adágún kọnkéré tí ó ṣófo sókè bí ọkọ̀ ojú omi, kí ó fọ́ páìpù ara rẹ̀.

Òfin Florida tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2000 béèrè ààbò fún adágún tuntun ní ilé gbígbé. Ààbò náà lè jẹ́ ọgbà tí gíga rẹ̀ kò dín sí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń padé fúnra rẹ̀, tàbí agogo ìkìlọ̀ lára àwọn ilẹ̀kùn àti fèrèsé ilé tí ó ṣí sí ọ̀nà adágún. Nítorí pé adágún tuntun ni òfin náà dárúkọ, ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú ọdún yẹn lè má ní ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ ni àkọsílẹ̀ CDC fi hàn pé omi ni ó ń pa àwọn ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ihò ìsàlẹ̀ tí pọ́ǹpù ń gbà fa omi náà ní ewu tirẹ̀: ní ọdún 2002, ó fa Virginia Graeme Baker, ọmọ ọdún méje tí ó jẹ́ ọmọ-ọmọ James Baker tí ó ti ṣe akọ̀wé ìjọba fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, mọ́ra nínú agbada ìwẹ̀ olómi gbígbóná, ọmọ náà sì kú. Òfin tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ jáde ní 2007, ó sì béèrè pé kí gbogbo ọmọrí ihò bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà bá ìlànà ààbò mu. Adágún àtijọ́ ṣì lè máa lo ọmọrí àtijọ́.

Àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò náà mọ èyí. Ilé ẹjọ́ lè dá onílé lẹ́bi bí ọmọ aládùúgbò tí kò gba àṣẹ bá kó sínú adágún, nítorí náà wọ́n lè béèrè ọgbà tàbí kí wọ́n ní kí olùrà yọ pákó ìfòsómi. Ó dára kí olùrà gbọ́ èsì wọn kí ọjọ́ tí ìwé àdéhùn fi sílẹ̀ fún àyẹ̀wò tó parí, nítorí pé lẹ́yìn èyí, ó lè pàdánù owó tí ó ti fi sílẹ̀.

Àwọn kan a máa ra ilé nítorí ibi tí ó wà, wọn a sì dí adágún rẹ̀ pa. Èyí gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n á dá ihò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi òjò má bàa dúró síbẹ̀, wọ́n á wó òkè ògiri rẹ̀, wọ́n á sì da iyẹ̀pẹ̀ kún un. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ẹni tí yóò lè kọ́lé sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìkọ́kọ́ kó gbogbo kọnkéré náà jáde, ó sì yẹ kí wọ́n sọ ọ́ fún ẹni tí yóò ra ilé náà lẹ́yìn wọn.