Nọ́ńbà Owó Orí fún Trust Ẹbí ní Johannesburg

Bàbá kan ní ilé kékeré kan ní Kempton Park tó fi háyà. Ó fẹ́ kí ilé náà wà fún àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á, kò sì fẹ́ kí ìjà ogún bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn òun. Lọ́yà rẹ̀ ní kó dá trust sílẹ̀. Ohun tí à ń pè ní trust ni ètò tí èèyàn fi ń fa ohun ìní lé àwọn kan lọ́wọ́, pé kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀ fún àǹfààní ẹlòmíràn. Nínú orí yìí, alámòójútó ni a ó máa pe àwọn tó ń tọ́jú ohun ìní náà. Olùjàǹfààní ni àwọn tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ fún.

Trust kì í ṣe kọ́ńpìnnì, nítorí náà wọn kì í forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń forúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀. Àwọn tó ti Nàìjíríà dé máa ń dà á pọ̀ mọ́ Incorporated Trustees, èyí tí CAC, àjọ tó ń forúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ń ṣe fún ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Ti ẹbí yàtọ̀ sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n pé trust kì í ṣe kọ́ńpìnnì kò yọ ọ́ kúrò nínú owó orí. Lójú SARS, àjọ tó ń gba owó orí ní Gúúsù Áfíríkà, ẹni ọ̀tọ̀ ni trust jẹ́. Ó ní nọ́ńbà tirẹ̀, ó sì ń san owó orí tirẹ̀. Nọ́ńbà bàbá tó dá a sílẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́ fún un.

Kí ẹ tó dé SARS, ẹ ó kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì Master. Òṣìṣẹ́ ètò ìdájọ́ ni Master; òun ló ń mójú tó ogún àti trust. Ọ́fíìsì rẹ̀ ní Johannesburg wà ní Marshall Street, láàárín ìgboro. Ẹ ó mú ìwé àdéhùn trust tí wọ́n ti fọwọ́ sí lọ, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù J401 àti J417. Nínú J417 ni alámòójútó kọ̀ọ̀kan ti ń kọ ọ́ pé òun gbà láti ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ ó fi ẹ̀dà ìwé ìdánimọ̀ wọn kún un, tàbí ti páásìpọ́ọ̀tù fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè náà. Fọ́tòkọ́pì lásán kò tó o. Ẹ gbé ojúlówó ìwé àti fọ́tòkọ́pì rẹ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá tó wà lẹ́yìn káńtà á fi méjèèjì wéra, á lu òǹtẹ̀, á buwọ́ lù ú, á sì kọ orúkọ rẹ̀, ipò rẹ̀ àti déètì sí i. Ọ̀fẹ́ ni. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó kọ déètì, torí wọ́n lè dá ìwé padà nítorí ìyẹn nìkan.

Bó bá jẹ́ pé ará ilé kan náà ni gbogbo alámòójútó, Master lè ní kí ẹ fi ẹnì kan tí kì í ṣe ẹbí kún wọn. Èyí máa ń bí àwọn àgbà nínú: ta ni àjèjì tó máa wá dá sí ohun tí mo fi òógùn mi kó jọ? Èmi rò pé ó dára bẹ́ẹ̀. Ilé tí ọkọ, ìyàwó àti àkọ́bí nìkan bá ń darí, ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń ká a.

Bí ìwé bá pé, Master á fún àwọn alámòójútó ní ìwé àṣẹ. Lórí rẹ̀ ni ẹ ó ti rí nọ́ńbà kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú IT, tó sì ní ọdún nínú. Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé nọ́ńbà owó orí nìyẹn, wọ́n á kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù báńkì, báńkì á sì dá a padà. Nọ́ńbà fáìlì Master ni. Ìwé àṣẹ yìí ṣe pàtàkì ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Òfin 57 ti ọdún 1988 sọ pé kò sí alámòójútó tó gbọdọ̀ ṣe nǹkan kan lórúkọ trust kí Master tó fún un láṣẹ. Nínú ẹjọ́ Simplex àti Van der Merwe, tó wà nínú ìwé ìròyìn ẹjọ́ ti 1996, ilé ẹjọ́ ní Johannesburg sọ pé àdéhùn tí wọ́n ṣe lórúkọ trust ṣáájú ìwé àṣẹ kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nítorí náà, ẹ má tíì buwọ́ lu ìwé ilé, ẹ má sì tíì gba owó ẹnikẹ́ni.

Ìgbà yìí ló kan SARS. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 21 tó bá ti di dandan fún trust láti forúkọ sílẹ̀ ni kó ti ṣe é. Ẹ yan alámòójútó kan tí á máa ṣojú trust. Òun ló máa ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí kó lọ sí ọ́fíìsì wọn, bí èyí tó wà ní Rissik Street. Ẹ gba àkókò sílẹ̀ kí ẹ tó lọ. Wọ́n á béèrè ìwé àṣẹ Master, ìwé àdéhùn, ìwé ìdánimọ̀ gbogbo alámòójútó àti ẹ̀rí àdírẹ́ẹ̀sì. Nọ́ńbà tí wọ́n máa fún yín jẹ́ díjíìtì mẹ́wàá, ó sì máa wà nínú ìwé tí wọ́n ń pè ní IT150. Ẹ tọ́jú ìwé náà.

Owó orí trust ga gan-an. Ti èèyàn lásán bẹ̀rẹ̀ láti ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n ìdá 45 ni ti trust láti rand àkọ́kọ́, àfi trust àkànṣe bí èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ẹni tí àìlera rẹ̀ le. Ká ní ilé Kempton Park yẹn ń mú 8,000 rand wá lóṣù, tí kò sì sí ìnáwó kankan láti yọ: 96,000 ni lọ́dún, SARS á sì gba 43,200 níbẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ wà o. Bí wọ́n bá pín owó náà fún olùjàǹfààní láàárín ọdún owó orí kan náà, olùjàǹfààní ni á san owó orí rẹ̀, ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹta 2024, olùjàǹfààní tó jẹ́ olùgbé Gúúsù Áfíríkà fún owó orí nìkan ni èyí wà fún. Ọmọ tó wà ní Ìbàdàn tàbí London kò sí nínú rẹ̀; trust ló máa san tirẹ̀. Bí ọmọ kò bá sì tíì pé ọdún 18, tó jẹ́ pé òbí ló fún trust ní ohun ìní náà, owó orí padà sọ́rùn òbí.

Òpin oṣù Kejì ni ọdún owó orí trust máa ń parí. Ẹ ó fi ìwé ìjábọ̀ ránṣẹ́ lọ́dọọdún, àní bí kọ́bọ̀ kò bá wọlé. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin 2023, Master náà ní àkọsílẹ̀ tó ń béèrè orúkọ gbogbo ẹni tí trust ń ṣe láǹfààní ní tòótọ́. Ìtanràn tó lè tó mílíọ̀nù mẹ́wàá rand, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún, tàbí méjèèjì, ló wà fún alámòójútó tó bá kọ̀ láti ṣe é. Oṣù Kejì ọdún yẹn ni FATF, àjọ tó ń ṣọ́ owó ẹ̀gbin lágbàáyé, kọ Gúúsù Áfíríkà àti Nàìjíríà sínú ìwé àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń ṣọ́. Oṣù Kẹwàá 2025 ni wọ́n yọ àwọn méjèèjì kúrò, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ Master kò kúrò.

Bí alámòójútó kan bá kú, tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀, tàbí tí àdírẹ́ẹ̀sì yí padà, ẹ gba ìwé àṣẹ tuntun lọ́wọ́ Master níbi tó bá ti yẹ, kí ẹ sì sọ fún SARS láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 21.